Àpótí Ṣọ́ọ̀kì Méjì Lára Ògiri Ilé-Ẹrù Àpápá

Àpò ìrẹsì méjìlélógún ló sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n bí ọmọ ogun tí ebi pa kú, gìrìpá ọkùnrin kan sì jókòó sáàárín wọn tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Kọ́ńsítébù Gafar wọlé, ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín in sí gbogbo ọ̀daràn, ó wo ojú ọkùnrin náà, ẹ̀rín sì gan mọ́ ọn lẹ́nu.

Ebikabowei ni!

Ebikabowei tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀. Ebikabowei tó gbé e kọ́ èjìká lọ́dún tí òjò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja fi ń wọ yàrá wá bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí kò lè lé eṣinṣin kúrò lórí ọbẹ̀ láìkọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Òun ni wọ́n ní ó ń jí ìrẹsì!

Ta ló mọ Àpápá ìgbà yẹn tí kò ní sunkún rẹ̀? Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún ọgọ́rin ni. Ọkọ̀ òkun tó wà lójú omi pọ̀ débi pé ewúrẹ́ lè gba orí wọn rìn dé òdìkejì, kí pátákò rẹ̀ má sì tutù. Bí ọkọ̀ kan bá fọn fèrè lówùúrọ̀, gbogbo ọmọ tuntun Ajégúnlẹ̀ a dá a lóhùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun, bí èèyàn bá la ẹnu pẹ́ jù, búrẹ́dì ni yóò gbé mì. Gbogbo òpópónà Ajégúnlẹ̀ ló sì ní ọkùnrin kan tó ń ṣe alábàárù ní wọ́ọ̀fù, tó ń gbé oúnjẹ wálé tó sì ń gbé ìròyìn wálé.

"Gafar, o mọ̀ ọ́n?" Ìsípẹ́kítọ̀ Morádéún ló bi í bẹ́ẹ̀. Obìnrin kúkurú ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú ju abẹ onígbàjámọ̀ lọ. Wọ́n ní ó wo ẹyin adìyẹ kan rí, ó sì sọ ilé tí àkùkọ tó ni ín ń gbé.

"Mọ̀ ọ́n kẹ̀, Màdáámù? Orí èjìká ọkùnrin yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí òrùlé ilé wa."

"Ó dáa. Dúró sẹ́yìn mi, má sì jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ."

Ẹni tó ní kí Gafar má sọ̀rọ̀ ti ní kí òkun má rú.

Mísítà Anayo, máníjà ilé-ẹrù náà, ti ń nu òógùn iwájú orí rẹ̀. "Màdáámù, ọ̀rọ̀ yìí ti parí kẹ́ ẹ tó dé. Àwọn oníbàárà wa ní Ìjọ́rà ń pariwo pé ìrẹsì wa ń dín. Àádọ́ta kílò ló yẹ kó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ilé-ẹrù méjì la ní. Mo mú àpò mọ́kànlá jáde nínú Ilé-ẹrù Kìíní, mo mú mọ́kànlá nínú Ìkejì, láìṣa ẹ̀ṣà. Mo wọ̀n wọ́n, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ro ti ilé kọ̀ọ̀kan pọ̀, mo pín in lọ́nà mọ́kànlá. Kìíní ló kéré jù. Ebikabowei ni olórí àwọn alábàárù Kìíní. Olè ti bọ́ sọ́wọ́."

"Kìíní fi kí ni kéré ju Ìkejì lọ?"

"Kò... kò pọ̀ púpọ̀."

"Ó tó kí ni?"

Anayo wo ilẹ̀. "Bí ẹ̀kúnwọ́ kan."

"Ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan lẹ fi de èèyàn mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá?"

"Ẹ wo àpò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn ná!" Ohùn Anayo padà gun òkè. "Ọ̀kan jẹ́ kílò méjìdínlógójì, èkejì ogójì. Ilé-ẹrù Kìíní ni méjèèjì ti wá. Bí fèrè ìrọ̀lẹ́ bá ti dún, kí ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé e lọ. N óò gba báàjì géètì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ilé-ẹrù kankan ní gbogbo wọ́ọ̀fù yìí tí yóò tún gbà á."

Gafar mọ ohun tí ìyẹn já sí. Ọkùnrin tí kò bá ní báàjì géètì, òkú tó ń rìn ni ní Ajégúnlẹ̀ ìgbà náà.

Gafar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ebi, ta ló ya àpò méjì yìí?"

Ebikabowei gbé ojú sókè wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn alábàárù rẹ̀ kóra jọ sí, ó sì tún gbé e sílẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ kẹ̀? Ìwọ tó o mọ iye eyín tó wà lẹ́nu eku inú ilé-ẹrù yìí?"

"Gafar, I no thief am. Ìyẹn ni mo mọ̀. Má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, àbẹ̀g."

Inú Gafar bàjẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́ báyìí níwájú Morádéún, bí ẹni gbẹ́ sàréè fún ara rẹ̀ ni.

Lójú ẹsẹ̀ náà ni Ọ̀gá Adétòkunbọ̀ wọlé, ó fi páìpù irin rẹ̀ há abíyá. Òun ni agúnpò ilé-ẹrù méjèèjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi páìpù ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn gún àpò kan nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá tó bá wọlé, kí ìrẹsì díẹ̀ ṣàn sí i lọ́wọ́, kó wò ó bóyá ó ti bu tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Àṣà wọ́ọ̀fù ni pé agúnpò ló ni ìrẹsì tó bá ṣàn jáde yẹn. Kò sẹ́ni tó ń jà sí i. Ta ni yóò jà nítorí oúnjẹ ológoṣẹ́?

"Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Adétòkunbọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ń dán bí bàtà rẹ̀. "Ẹ má fi àkókò ṣòfò. Ẹ lọ sí géètì, ẹ bi Obiageli léèrè. Òun ló ń bá Ebikabowei ta á."

Obiageli jókòó níta géètì tòun ti abọ́ ìrẹsì ńlá kan níwájú. Kí Gafar tó parí ìbéèrè, obìnrin náà ti fò dìde.

"Ìrẹsì olè? Èmi Obiageli? Wá, wá, ìwọ ọlọ́pàá ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ yìí, bu díẹ̀ jẹ! Gbígbá ni mo gbá a nílẹ̀ ilé-ẹrù, gbogbo ayé ló mọ̀. Òkúta inú ẹ̀ tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta!"

Gafar ju díẹ̀ sẹ́nu, ó sì dún gbàù bíi pé ó jẹ ìṣó. Morádéún da ìrẹsì náà sí àtẹ́lẹwọ́. Iyanrìn wà nínú rẹ̀, fọ́nrán òwú àpò wà nínú rẹ̀, orí igi ìṣáná kan náà wà níbẹ̀.

"Inú Kìíní lo ti gbá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù. Àpò kan máa ń ya níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á dà sílẹ̀. Ṣé kí n máa wò ó kó jẹrà ni?"

Bí wọ́n ṣe ń padà, Morádéún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Èyí tó dà nínú àpò yíya, ilẹ̀ ló jẹ ẹ́, Obiageli sì gbà á lẹ́nu ilẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ará Ìjọ́rà ló ń pariwo, wọn kì í sì í ra àpò yíya. Nígbà náà, ìrẹsì mímọ́ tó ń dín yẹn, ibo ló ń gbà lọ?"

Ó dé inú ilé-ẹrù, ó bọ́ bàtà, ó mú ṣọ́ọ̀kì. "Gafar, gbé àpò Ilé-ẹrù Kìíní jókòó sórí ìlà kan. Èyí tó fúyẹ́ jù ní apá òsì, èyí tó wúwo jù ní apá ọ̀tún."

Gafar gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ìṣirò ti lé e gba ojú fèrèsé jáde ní ọdún kejì ilé-ìwé Módáànù, kò sì mọ̀ pé yóò tún wá bá òun ní wọ́ọ̀fù.

"Mọ́kànlá ni wọ́n. Èwo ló wà láàárín gbùngbùn?"

Gafar ka ọwọ́. "Ìkẹfà, Màdáámù. Márùn-ún wà lósì rẹ̀, márùn-ún lọ́tùn-ún. Àádọ́ta kílò géérégé."

"Nínú márùn-ún ti òsì, èwo ló wà láàárín wọn?"

"Ìkẹta. Mọ́kàndínláàádọ́ta."

"Ti ọ̀tún ńkọ́?"

"Mọ́kànléláàádọ́ta. Màdáámù, ṣé ẹ fẹ́ fún wọn ní orúkọ ni?"

Morádéún kọjú sí ògiri. Ó fa ìlà gbọọrọ kan sára ògiri, ó kọ iye kílò sí i lẹ́sẹẹsẹ. Lókè ìlà náà ó ya àpótí kan tó bẹ̀rẹ̀ níbi mọ́kàndínláàádọ́ta tó sì parí níbi mọ́kànléláàádọ́ta, ó fi ìlà kan là á láàárín níbi àádọ́ta. Lẹ́yìn náà ó fa apá kan jáde lọ́tùn-ún dé ibi àpò tó wúwo jù, kílò méjìléláàádọ́ta, ó sì fa apá òsì lọ, lọ, lọ, títí ó fi dé méjìdínlógójì.

"Inú àpótí yìí ni ìdajì àwọn àpò náà ń gbé," ni Morádéún wí. "Àwọn tó fúyẹ́ wà níta lósì, àwọn tó wúwo wà níta lọ́tùn-ún."

Anayo pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Ẹ wo bí apá òsì yẹn ṣe gùn, ó fẹ́ẹ̀ dé Ìjọ́rà Bàdíà! Gbogbo ìyẹn ni olè!"

"Mísítà Anayo, àpò mélòó ló wà lórí apá gígùn yẹn lóòótọ́?"

Anayo wo ìlà àpò tó wà nílẹ̀. Ó fi ìka kà wọ́n. "Méjì."

"Méjì péré, èyí tó tẹ̀lé wọn sì ti wà lẹ́nu àpótí. Apá gígùn kò sọ pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Ó ń sọ pé àwọn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ jìnnà sílé." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu apá òsì náà kúrò pátápátá, ó sì fi àmì tóótó ṣọ́ọ̀kì méjì rọ́pò rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n dá dúró bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. "Méjì yẹn nìkan ló fa ìpíndọ́gba yín wálẹ̀. Ìpíndọ́gba dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n ti rò pọ̀. Ẹ ò lè mọ ata tó ta yín. Gafar! To ti Ilé-ẹrù Kejì."

Àpótí kejì wà nísàlẹ̀ àkọ́kọ́, lórí ìlà kílò kan náà. Gafar bèèrè ìdí tí kò fi ya ìlà tirẹ̀ fún un.

"A kì í fi okùn méjì wọn ìbejì," ni Morádéún dáhùn. "Pe ìwọ̀n."

"Àárín, méjìdínláàádọ́ta. Ìkẹta, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìkẹsàn-án, mọ́kàndínláàádọ́ta. Èyí tó fúyẹ́ jù, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Èyí tó wúwo jù, àádọ́ta."

Àpótí náà jáde kékeré, ó mọ́ tónítóní, apá rẹ̀ méjèèjì kúrú, kò sí àmì tóótó kankan tó ń ṣáko lọ níbì kan. Adétòkunbọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọlúàbí àpótí. Kò sí àpò tí wọ́n jà lólè níbẹ̀."

Gafar wò ó. Ó gbé orí sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Lójijì, nǹkan kan ta á nínú agbárí bí ata gígún.

"Màdáámù! Àpótí yìí ti sún! Ibi tí ògiri ọ̀tún rẹ̀ parí sí, ibẹ̀ ni ògiri òsì ti òkè ti bẹ̀rẹ̀!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, Morádéún rẹ́rìn-ín sí i. "Máa wí nìṣó."

"Àwọn méjèèjì fẹ̀ bákan náà, bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti rọra ti tìsàlẹ̀ sẹ́yìn, tòun ti ẹrù ilé, tòun ti ìyàwó àtọmọ! Kílò méjì gbáko!"

"Ohun tí ìpíndọ́gba fi pa mọ́ nìyẹn, Mísítà Anayo. Ní Kìíní, àpò méjì ni jàǹbá ṣe, gbogbo ìyókù pé. Ní Ìkejì, kò sí èyí tí jàǹbá ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti kan gbogbo wọn pátá. Olè tó bá fa àpò ya kò lè mú iye kan náà nínú gbogbo wọn. Olè yìí ń wọ̀n ọ́n. Gafar, yá kóńgò Obiageli wá."

Wọ́n bu ìrẹsì kún kóńgò náà, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò dé kílò méjì. Obiageli, tó tẹ̀lé kóńgò rẹ̀ wá bí ìyá arúgbó tó tẹ̀lé ọmọ-ọmọ, pòṣé. "Ẹ ò fi ènì sí i. Ta ní ń ta kóńgò láìfi ènì sí i?" Ó bu ènì lé e lórí, ọwọ́ òṣùwọ̀n sì dúró gbọn-ìn lórí kílò méjì.

Kóńgò kan pẹ̀lú ènì! Olè tí kò gbàgbé ènì ara rẹ̀!

Morádéún kúnlẹ̀ ti àpò Ilé-ẹrù Kejì, ó fi ìka tọ etí rẹ̀. Ojú ihò kékeré wà níbẹ̀, tí ẹnì kan ti fi èékánná ra òwú rẹ̀ pa dé. Ó yẹ èkejì wò, ó bá a níbẹ̀. Ó yẹ gbogbo wọn wò, kò sí èyí tí kò ní. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú mẹ́wàá péré ló yẹ kó ní in. Ó kàn wo Gafar, Gafar sì mọ ìwò yẹn: ó ti gba àṣẹ láti ṣe wèrè.

Gafar wú fùkẹ̀. "Màdáámù, ẹ má wo apá ibi tí Ọ̀gá Adétòkunbọ̀ wà o! Páìpù yẹn, ohun ìṣeré ni. Bí èèyàn bá fẹ́ fi í kún kóńgò kan, bó bá bẹ̀rẹ̀ gígún lónìí, irùngbọ̀n rẹ̀ á ti kan ilẹ̀ kó tó kún. Mo búra, ó tó ọgọ́rùn-ún ìgbà!"

Àwọn alábàárù rẹ́rìn-ín. Adétòkunbọ̀ na páìpù rẹ̀ síwájú, iyì iṣẹ́ rẹ̀ ń gùn ún. "Ọgọ́rùn-ún kẹ̀? O ò mọ iṣẹ́, ọmọ yìí! Bí mo bá tì í wọnú àpò dé ibi ọrùn rẹ̀, márùn-ún péré ni, ó ti kún nìyẹn!"

Obiageli yára gbá kóńgò rẹ̀ mọ́ra.

"Márùn-ún péré," ni Morádéún tún un sọ jẹ́ẹ́. "Ọ̀gá Adétòkunbọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò kan ni àṣà fún yín. Ìgbà wo lẹ wá fi páìpù yín kún kóńgò rí?"

Ọkùnrin náà sáré gbé páìpù rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ rò pé bẹ́ ẹ bá mú díẹ̀ lára gbogbo wọn, kò sí èyí tí yóò ké. Òótọ́ ni, kò sí èyí tó ké. Wọ́n kàn jọ sún sẹ́yìn ni. Kí ló dé tẹ́ ò ṣe é ní Kìíní?"

Ebikabowei ló dáhùn láti ilẹ̀. "Kò tó bẹ́ẹ̀. Bó bá wá gún àpò ní ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo máa ń dúró tì í. Ẹ̀kúnwọ́ kan, finish."

Gafar fúnra rẹ̀ ló ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi í sọ́wọ́ agúnpò. Ṣùgbọ́n Anayo kò tíì rọlẹ̀. Ó nawọ́ sí àmì tóótó méjì tó wà lára ògiri. "Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́? Mo ṣì fẹ́ mọ ẹni tó ń fa àpò mi ya. Bí Ebikabowei kò bá dárúkọ rẹ̀, báàjì tirẹ̀ ni n óò gbà."

Ebikabowei mi orí pé rárá.

Morádéún tẹjú mọ́ àpò yíya náà. Etí àpò ni alábàárù máa ń fi ìkọ́ irin rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ikùn gbọnrangandan ni ìkọ́ ti wọ àwọn wọ̀nyí, bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà nínú òkùnkùn.

"Èmi ni," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Àlíù ni, àgbà jù nínú ẹgbẹ́ Ebikabowei, tó ti ń gbé ẹrù ní Àpápá láti ìgbà tí ọ̀sà ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. "Ojú mi ti ń ṣú. Mo ní kí Ebi má sọ. Mo rò pé àpò kan ni yóò ya. Ọmọ dáadáa, o fẹ́ wẹ̀wọ̀n torí ojú mi?"

"Bàbá, ta ni mo fẹ́ sọ fún?" Omi ti lé sójú Ebikabowei. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń gbé àpò."

"Ó gbọ́dọ̀ lọ," ni Anayo wí.

"Bó bá lọ, gbogbo wa la lọ." Ebikabowei dìde tán, ó fẹ́ẹ̀ kan òrùlé. "Ọkọ̀ tó dé láàárọ̀ yìí ń dúró. Kẹ́ ẹ lọ gbé e fúnra yín, ọ̀gá."

Anayo wo Morádéún, bóyá yóò gbà á sílẹ̀. Morádéún ń wọ bàtà rẹ̀. "Olè ni wọ́n rán mi wá mú. Wọn ò rán mi sí ojú arúgbó."

Ebikabowei rọra gba ìkọ́ irin lọ́wọ́ Bàbá Àlíù. "Bàbá kò ní gbé àpò mọ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń pe orin fún wa nígbà tí ẹrù bá wúwo? Ọjọ́ tí orin kò dára ni ẹsẹ̀ máa ń pa wá. Ẹ jẹ́ kó máa pe orin. Orin kò lo ojú."

Ní òde, ọkọ̀ fọn fèrè, kì í ṣe fèrè ìrọ̀lẹ́, fèrè ìbínú ọ̀gá ọkọ̀ ni. Anayo nu iwájú orí. Ó ju ọwọ́ sílẹ̀. "Kó pè é, kó pè é!"

Wọ́n mú bàbá lọ sí ẹsẹ̀ àkàbà ọkọ̀. Gafar ti dé géètì tòun ti agúnpò lọ́wọ́ kó tó gbọ́ ohùn náà, ohùn tó ti ń gbọ́ láti kékeré nígbà tí àwọn bàbá Ajégúnlẹ̀ bá ń padà bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí kò sì mọ̀ láti ìgbà yẹn ẹni tó ni ín.

"Ta ló wúwo?"

"Àpò ni!"

"Ta ló ju àpò lọ?"

"Àwa ni!"

Gafar dúró. Morádéún náà dúró. Agúnpò pàápàá dúró. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà, apẹja kan tó ń bọ̀ láti Snake Island gbọ́ ohùn bàbá yẹn lórí omi, ó rò pé ọkọ̀ ńlá kan ló ń bọ̀, ó sì fi wàràwàrà wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kúrò lọ́nà.